Aṣọ Ta Ni Ọmọge Yìí Wọ̀?

Inú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn kí kálukú wọn tó kó lọ sílé tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. Pẹpẹ ni látòkè délẹ̀, ọmọlángidi ló sì tò sórí gbogbo pẹpẹ náà. Gbogbo wọn ló múra òde, kò sì sí òde kankan tí wọ́n ń lọ. Ìyàwó Alágbàfọ̀ ló ni wọ́n, ọmọge ló sì ń pè wọ́n. Àwọn tó ń wò ó lórí fóònù ń pè é ní Adájọ́, torí kò sí ọmọlángidi olówó ńlá tó máa jáde tí kò ní dá ẹjọ́ ẹ̀, láti orí irun dé ìsàlẹ̀ bàtà. Ọkọ ẹ̀ ní tiẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń lọṣọ, láàárín ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná, níbi tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ lèèyàn máa fi rìn kó tó lè kọjá lára tábìlì ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti wà lára yàrá yẹn tipẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dà bíi pé Ọlọ́run fẹ́ gbọ́ tiẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọmọlángidi kan tí wọ́n ń pè ní Arẹwà gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, inú sì bí gbogbo àwọn tó ń kó Arẹwà jọ. Adájọ́ bọ́ síwájú fóònù, ó búra pé tí òun bá fi ẹnu òun sọ pé Arẹwà tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ, gbogbo ọmọge tó wà nínú yàrá náà lòun máa kó fún àwọn òǹwòran òun. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe àmín sínú.

Àmọ́ ìbúra kejì wà nílẹ̀, òun ni ò sì jẹ́ kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ láàárọ̀ yìí. Adájọ́ ti sọ fún un pé ọjọ́ tí ọwọ́ ẹ̀ bá kan ọmọge kankan nínú yàrá yẹn, tábìlì ẹ̀ máa kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìta gbangba lójú òjò ló máa ti lọṣọ. Kí Adájọ́ sì tó jáde nílé ìwẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọwọ́ ẹ̀ ti kan méjì.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Alágbàfọ̀ ni. Arẹwà tuntun dé lánàá nínú páálí ẹ̀, aṣọ sílíkì pupa ọrùn ẹ̀ sì rún bí èyí tí wọ́n jókòó lé lórí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ọkùnrin tó máa ń bá àlejò tí ò mọ̀ rí tún kọ́là ẹ̀wù ṣe lójú títì, báwo ló ṣe fẹ́ wo ìyẹn kó má ṣe nǹkan? Ó bọ́ ọ. Ó wá rò ó pé tí òun bá lọ tuntun nìkan, ojúsàájú nìyẹn, ẹjọ́ ni wọ́n sì fẹ́ dá. Ló bá bọ́ aṣọ àrán aláwọ̀ ewé tó wà lọ́rùn Arẹwà àtijọ́ náà. Ìgbà tó lọ̀ wọ́n tán, àwọn méjèèjì sùn síhòòhò lórí tábìlì, ojú kan náà, irun kan náà lójú tiẹ̀. Nídìí iṣẹ́ ẹ̀, ó máa ń fi òwú sàmì sí aṣọ oníbàárà kó má baà pààrọ̀. Aṣọ ló máa ń sàmì sí, kò sàmì sí oníbàárà rí. Ó bá fi àbá wọṣọ fún wọn, bàtà àti gbogbo ẹ̀. Ìgbà tó ń tún irun wọn ṣe ló rí àmì ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn ọrùn: ìràwọ̀ ni ti àtijọ́, òdòdó ni ti tuntun. Olódòdó ló wọ àrán, oníràwọ̀ ló wọ sílíkì. Ó ní kí òun tún un ṣe, ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ṣí.

Òógùn ti bo Alágbàfọ̀ nígbà tí ìyàwó ẹ̀ wọlé, tó gbé fóònù kan kọ́ orí ẹsẹ̀ onírin, tó sì na ìkejì sí i.

"Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ ń làágùn?"

"Ooru ni."

"Òjò ń rọ̀ níta."

"Ooru òjò ni."

Adájọ́ wò ó, ó mójú kúrò. "Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn. Ohun tí àwọn èèyàn mi bá kọ wá, ẹ máa kà á fún mi. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀. Ẹnu yín ni mo fẹ́ lò, mi ò fẹ́ ọwọ́ yín."

"Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó o dárúkọ yẹn, Ìyá wọn, ó ní nǹkan kan tí mo fẹ́…"

"Ẹ dákẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀."

Iná pupa tàn lórí fóònù. Ohùn Adájọ́ yí padà, ó di oyin.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Èyí tó wọ àrán aláwọ̀ ewé tí ẹ̀ ń wò yìí, Arẹwà àtijọ́ ni. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Òun lọmọge tí mo kọ́kọ́ ní láyé mi. Ọkùnrin kan tó ń wojú mi nígbà náà ló fi tọrọ ìfẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin náà ti yí padà o, ọmọge ò yí padà."

Alágbàfọ̀ wolẹ̀.

"Èyí tó wọ sílíkì pupa, ọmọ tuntun nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló kọ̀wé sí mi pé aṣọ tiyín rún wá látinú páálí, pé kò ṣeé wò. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi hàn yín, kí ẹ lè mọ̀ pé gbogbo wa la jọ jẹ ìyà náà." Ó gbé e súnmọ́ fóònù. Ó tún gbé e padà sójú ara ẹ̀. "Hẹ̀n. Kò rún."

"Kò rún rárá," Alágbàfọ̀ dá a lóhùn. Kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Wo ìlà ọwọ́ aṣọ yẹn, èèyàn lè fi gé búrẹ́dì."

"Ta ló bi yín?"

"Ẹnìkan ló kọ ọ́ síbí. Ó ní ẹni tó lọ aṣọ yẹn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ẹ̀rọ ló lọ̀ ọ́ nílé-iṣẹ́ wọn."

"Ó ní ẹ̀rọ ò lè fa irú ìlà yẹn láyé."

"Ta ni 'ó'?"

"Ẹni tó kọ̀wé."

Adájọ́ ṣe hùn. Ó gbé pupa sílẹ̀, ó sì gbé aláwọ̀ ewé lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Ọkàn Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Tó bá jẹ́wọ́, ó di ìta. Tó bá dákẹ́, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ayé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti jẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹnìkan ń béèrè," ó ní, ó ń wo fóònù tí kò sí ẹni tó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, "ó ní ṣé ó dá ẹ lójú pé èyí tó wọ ewé yẹn ni àtijọ́."

"Ẹ sọ fún un pé ìyá kì í ṣi ọmọ ẹ̀ mọ̀."

"Ó ní ìyá ìbejì ńkọ́?"

"Kí ni?"

"Ó ní ìyá ìbejì máa ń ṣi àwọn ọmọ ẹ̀ mọ̀ nígbà míì. Pàápàá tí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ lára wọn."

"Ta ló fẹ́ bọ́ aṣọ lára wọn? Ẹ fi ẹni yẹn sílẹ̀, ẹ ka ti ẹlòmíì."

"Ti ẹlòmíì nìyí. Ó ní tí ọkùnrin kan bá fọwọ́ kan nǹkan ìyàwó ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọkàn rere ló fi ṣe é, ṣé ó yẹ kí wọ́n lé e síta lójú òjò?"

Adájọ́ yíjú sí i. "Kí ló kan ọmọge nínú ìyẹn? Kí lorúkọ ẹni tó kọ ọ́?"

"Ó pe ara ẹ̀ ní Ọkọ Oníyàwó."

"Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

"Kò ṣeé yọ. Ó ti pẹ́ nílé."

"Bàbá wọn, mo ti kìlọ̀. Ẹni tó bá ń bi mí ní ìbéèrè ọmọge, mo wà fún un. Ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ràn ìgbéyàwó, kó lọ bá ẹbí ẹ̀."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ẹ̀. Alágbàfọ̀ panu mọ́. Ó ti gbìyànjú, ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ti gbọ́ pé ó gbìyànjú, ohun tó kù kì í ṣe ẹjọ́ òun mọ́.

"Ẹ wo ojú yìí," Adájọ́ ní, ó ń yí aláwọ̀ ewé sọ́tùn-ún sósì. "Ẹni tó kun ojú yìí, ó jẹun kó tó jáde nílé, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lọ́nà. Ẹ wo ìpéǹpéjú, ó tò bí ẹni fi sùúrù kà á. Ẹ wo irun. Láti ìgbà tí mo wà lómidan ni mo ti ń ya irun yìí, kò já, kò ṣí. Wọ́n máa ń sọ pé ilé-iṣẹ́ tuntun máa gbé irun tó kún ju èyí lọ wá. Níbo?"

Alágbàfọ̀ rántí pé àárọ̀ yìí lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ gé rọ́bà inú páálí kúrò lára irun náà. Ẹ̀rín gbé e, ó wú ikọ́ bò ó.

"Orúnkún ńkọ́? Ẹ wò ó." Adájọ́ ká ẹsẹ̀ ọmọge náà, ó nà án, ó tún ká a. "Ẹ gbọ́ nǹkan kan? Ẹ ò lè gbọ́. Kò dún. Ayé tí wọ́n ń ṣe nǹkan kó lè tọ́jọ́ nìyí."

Nǹkan kan wá sọ sí Alágbàfọ̀ lọ́kàn, kò sì jẹ́ ohun rere. Ó rí tábìlì ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá yìí, ó rí atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lára. Ó rọra mí.

"Ẹnìkan ní kó o jọ̀ọ́, kó o tún un sọ, kí etí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè gbọ́ ọ. Èwo ló dára jù nínú àwọn méjèèjì?"

"Èyí."

"Ó ní kó o má pe orúkọ aṣọ. Aṣọ ṣeé bọ́. Ó ní kó o sọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí gan-an."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí gan-an ló dára jù."

"Tó o fi ẹnu ara ẹ sọ."

"Tí mo fi ẹnu ara mi sọ. Kí ló dé tí ẹni yẹn ń bi mí bíi lọ́yà?"

"Ó kàn fẹ́ràn òtítọ́ ni," Alágbàfọ̀ ní, ó sì fi ìka nu ètè kí ẹ̀rín má baà hàn níbẹ̀.

Adájọ́ gbé aláwọ̀ ewé sórí ìrọ̀rí kékeré kan, ó sì fi ìka méjì gbé pupa, bí èèyàn ṣe ń gbé ìbọ̀sẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀.

"Ó kan ẹ, ọmọ àjèjì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fetí sílẹ̀." Ó ká orúnkún ẹ̀. Kẹ́ẹ́. "Ẹ gbọ́? Ẹ tún gbọ́." Kẹ́ẹ́. "Ọmọ àná, ó ti ní làkúrègbé. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ọ̀dà ẹ̀ ti ṣá, kò sì tíì rí oòrùn rí láyé ẹ̀. Ẹ wo àárín orí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, irun ti ṣí níbẹ̀. Kí ni wọ́n fi ṣe é, gọ́ọ̀mù àti àdúrà?"

Ẹ̀rín Alágbàfọ̀ ń dínkù.

"Ó sì ń rùn," Adájọ́ ní. Ó gbé e sí imú. "Ó ń rùn bí inú àpótí tí wọn ò ṣí tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ tuntun, òórùn àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká bọ́ bàtà ẹ̀, ká wo ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ burúkú pamọ́ sí." Ó bọ́ bàtà pupa náà. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lọ sẹ́nu fóònù pátápátá. "Àmì eyín. Ẹ̀ ń rí i? Eyín èèyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń jẹ ọjà."

"Àkọ́bí wa ló jẹ…" Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ìyókù mì.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní àwọn ọ̀gá wọn ló jẹ̀bi. Kí ni wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ jẹ?"

Ẹ̀rín ò sí lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí àkọ́bí wọn ń hu eyín ló tẹ àmì eyín náà sí ẹsẹ̀ ọmọge yẹn, Adájọ́ fúnra ẹ̀ ló fi bàtà bò ó lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó bọ́ ọ mọ́ títí di àárọ̀ yìí. Ó wo oníràwọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀, tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ bí ẹran tí ò tà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó mọ̀ pé òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ fà á. Ìyẹn ò ní kó má dùn ún.

"Ìyá wọn, ó ti tó. Wọ́n ti gbọ́."

"Ẹnìkan ló sọ pé ó ti tó?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń wò mí, ìyàwó yín ni mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó parí o, mo fẹ́ bá àwọn ọmọbìnrin tó ń wò wá sọ̀rọ̀ bí ìyá. Tí ọkùnrin kan bá gbé irú èyí wá bá yín, tó ní ìfẹ́ lòun bá wá, ẹ wojú ẹ̀ dáadáa. Ahun ni. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn kì í ra irú èyí fún un. Ibi tí ọwọ́ ẹ̀ bà lórí àtẹ ló ti mú un, kò wojú ẹ̀, kò rò ó…"

"Mo rò ó."

Alágbàfọ̀ ti dìde. Fóònù ọwọ́ ẹ̀ ti wà nílẹ̀.

"Bàbá wọn?"

"Mo ní mo rò ó. Mo dúró níwájú àtẹ yẹn títí tí ọlọ́jà fi bi mí pé ṣé kí òun gbé àga fún mi. Bàtà ẹsẹ̀ mi lu nígbà náà, omi ń gbabẹ̀ wọlé, bàtà ni mo tìtorí ẹ̀ jáde nílé. Mi ò ra bàtà. Òun ni mo rà. Mo fi abẹ́ ẹ̀wù gbé e wá fún ẹ kí òjò má baà pa á, òjò pa èmi. Èmi kì í ṣe ahun. Mo fẹ́ràn ẹ nígbà náà, mo sì ṣì…"

Gbogbo àwọn ọmọge orí pẹpẹ ń wò wọ́n.

"Ṣùgbọ́n ti aláwọ̀ ewé nìyẹn," Adájọ́ ní, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Aláwọ̀ ewé lẹ rà fún mi."

"Aláwọ̀ ewé, àná ló dé."

Adájọ́ wo ọkọ ẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó rọra gbé irun pupa sókè lẹ́yìn ọrùn, ìràwọ̀ ló rí níbẹ̀. Ó na ọwọ́ mú aláwọ̀ ewé lórí ìrọ̀rí, ó gbé irun tiẹ̀ náà, òdòdó ló yọjú sí i. Ó jókòó.

"Ta ló bọ́ aṣọ lára wọn?"

"Ó rún."

"Mo ní ta ni."

"Ó rún, Ìyá wọn. Mo kọjá lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ojú fò ó. Mo tún kọjá. Kò gbà fún mi."

"Àrán ńkọ́? Òun náà rún?"

"Rárá. Kí wọ́n má baà sọ pé mo gbè sẹ́yìn ẹnìkan ni. Ẹjọ́ lẹ fẹ́ dá."

Ó ti di 'ẹ' lẹ́nu ẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Gbogbo àwọn ẹnìkan tó ń béèrè ọ̀rọ̀ láti àárọ̀?"

"Èmi ni gbogbo wọn."

Adájọ́ lanu láti dá sẹ̀ríà fún un, ojú ẹ̀ sì kan iná pupa orí fóònù. Kò tíì kú. Ẹnu ẹ̀ pa dé. Ìgbà tó máa tún sọ̀rọ̀, oyin ti kúrò nínú ohùn náà, ohùn tó fi ń bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé ló kù.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ. Ọmọ tí mo bú láti àárọ̀, ọmọ mi ni. Làkúrègbé yẹn, èmi ni mo fi jíjó lórí ibùsùn kó o bá a. Irun orí ẹ̀, ọwọ́ mi ló tu ú. Mo ní mo mọ ojú ẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún, aṣọ ni mo mọ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo búra fún yín. Èmi ni mo ní tuntun ló dára jù, mo sì tún un sọ nígbà tí aláròyé yìí ní kí n tún un sọ. Adájọ́ kì í pọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ lá. Ẹ máa sọ ẹni tí ẹ fẹ́ nínú àwọn ọmọ mi."

Ó wo pẹpẹ tòkè, ó wo tìsàlẹ̀.

Yàrá ti di ti Alágbàfọ̀. Ó yẹ kí inú ẹ̀ dùn, kò dùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó he fóònù nílẹ̀, ó sì wò ó. Ó wò ó dáadáa.

"Ẹnìkan ní kó o má kó wọn fún ẹnikẹ́ni."

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti mọ ẹnìkan yín."

"Ti òtítọ́ lèyí."

"Ti òtítọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọkọ Oníyàwó ni?"

"Obìnrin ni. Ó ní kó o nu ojú ẹ, pé tòun náà ní àmì eyín lẹ́sẹ̀. Òmíràn tún wọlé. Òmíràn nìyẹn. Ìyá wọn, ọ̀rọ̀ ń dà wọlé bí omi, wá gbà á, ojú mi ò gbà á mọ́."

Adájọ́ gba fóònù pẹ̀lú ìfura. Ó kà á, ó tún kà á, ojú ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

"Wọ́n ní kí n mú àwọn ọmọ mi mọ́ra. Wọ́n ní àwọn ò tìtorí ìbúra wá."

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní ta ló lọ aṣọ pupa."

Alágbàfọ̀ gbéra díẹ̀. "Wọ́n ní ta ló lọ̀ ọ́?"

"'Tèmi rún látinú páálí, mo ti fi omi wọ́n ọn, ó tún burú sí i.' 'Adájọ́, ọkọ ẹ ń gbaṣẹ́?' 'Ìlà ọwọ́ aṣọ yẹn, mo gbé e tóbi lójú fóònù, ẹnu yà mí.' 'Ẹ̀rọ ò lè fa irú ìlà yìí láyé.'"

"Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Ẹ̀rọ ò lè fà á. Èmi kọ́ ni mo kọ ìyẹn o."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ẹni yìí mọ ìwé kọ." Ó ń ka ìyókù lọ. "Wọ́n ti dájọ́ fún wa. Wọ́n ní àwọn dárí ìbúra jì mí, tí mo bá gba àdéhùn kan. Kí n kó àwọn ọmọ mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà tóóró ò ní nǹkan kan tó máa fi wọ́n ṣe, wọn kì í rìn. Kí n fi yàrá yìí fún yín, kí ẹ máa lọ aṣọ Arẹwà wọn níbẹ̀."

"Àti ìta lójú òjò ńkọ́?"

Adájọ́ gbé oníràwọ̀ mọ́ àyà. Ó ń tún kọ́là aṣọ pupa náà ṣe, aṣọ tí kì í ṣe ti ọmọ náà.

"Bàtà yẹn lu lóòótọ́?"

"Méjèèjì."

"Ẹ lọ gbé tábìlì yín wọlé."

Kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé tábìlì náà sáyà, ó fi gbá ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ó fi gbá a lósì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó fọwọ́ nà án. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lára gẹ́gẹ́ bó ṣe rò ó. Ó di ojú, ó tẹ́ apá méjèèjì, kò sì sí nǹkan kan tí ọwọ́ ẹ̀ kàn.

"Bàbá wọn," Adájọ́ ní lẹ́yìn ẹ̀, ó ṣì ń ka fóònù, "wọ́n pọ̀ o. Wọ́n ń béèrè pé ṣé kí àwọn fi aṣọ nìkan ránṣẹ́ ni, àbí kí àwọn fi ọmọge pẹ̀lú aṣọ ránṣẹ́."

Ojú Alágbàfọ̀ là gbòò. "Aṣọ nìkan. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn. Aṣọ nìkan ni, mi ò fẹ́ rí ọmọlángidi kankan mọ́ nínú yàrá mi."

Adájọ́ tẹ̀ síwájú fóònù orí ẹsẹ̀ onírin, oyin sì ti padà sínú ohùn ẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kó gbogbo wọn wá. Ọkọ mi ní òun ò lè lọ aṣọ láìrí ẹni tó ni ín."